Ògidì Yàtọ̀ sí Mímọ́: Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Ìrònú, Ìdarí Níbi Iṣẹ́ àti Ìsọdògidì Oògùn nínú Ìwádìí Àwọn Yunifásítì Jàpáànù

1.0 Ìfáàrà

Ẹni tí ó bá fẹ́ fi èdè Yorùbá kọ́ni ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì kò ní pẹ́ kan ìṣòro orúkọ. Ohun tí ó fẹ́ sọ lè yé e yékéyéké, síbẹ̀ kí ó máa wá ọ̀rọ̀ tí yóò fi pè é. Ọ̀nà mẹ́ta ni ó sábà máa ń ṣí sílẹ̀ fún un. Ó lè ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ tuntun láti inú àwọn ọ̀rọ̀ tí ó ti wà nílẹ̀. Ó lè mú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, kí ó sì fẹ ìtumọ̀ rẹ̀ lójú. Ó sì lè yá ọ̀rọ̀ láti inú èdè mìíràn, kí ó kọ ọ́ ní ìlànà ìró Yorùbá. Àríyànjiyàn pọ̀ láàrin àwọn onímọ̀ lórí èyí tí ó dára jù lọ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Èrò tí àpilẹ̀kọ yìí gbé kalẹ̀ kò jìnnà sí òwe náà. Iṣẹ́ tí ohun kan ń ṣe ni ó yẹ kí ó pinnu orúkọ tí yóò jẹ́ àti ọ̀nà tí a óò gbà ṣẹ̀dá orúkọ náà. Bí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ṣe rí kò tó ìdí. Láti fi ìdí èyí múlẹ̀, àpilẹ̀kọ yìí yẹ ẹ̀ka ìwádìí mẹ́ta wò ní àwọn yunifásítì ilẹ̀ Jàpáànù: ìmọ̀ èrò ìjìnlẹ̀, ìdarí níbi iṣẹ́, àti bí wọ́n ṣe ń ya oògùn sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí ó dà pọ̀ mọ́ ọn. Ẹ̀ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jìnnà sí ara wọn, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi dára fún ìdánwò. Ìlànà ìsọlórúkọ tí ó bá dúró nínú gbogbo wọn ṣeé gbára lé.

Ìdí tí ó fi jẹ́ Jàpáànù kò ṣòroó rí. Ìṣòro tí ó dojú kọ èdè Yorùbá lónìí ti dojú kọ èdè wọn ní ohun tí ó ju igba ọdún lọ sẹ́yìn. Lónìí, ọmọ Jàpáànù lè kọ́ kẹ́mísírì ní èdè abínibí rẹ̀ láti ilé-ẹ̀kọ́ kékeré títí dé yunifásítì. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ètò tí Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1970 fi hàn pé ọmọ tí ó fi Yorùbá kọ́ ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kò rẹ̀yìn nínú ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọ̀nà tí ó kù ni èyí tí ó lọ sókè láti ibẹ̀.

2.0 Bí Àwọn Ará Jàpáànù ṣe Sọ Ìmọ̀ Lórúkọ

Ní ọdún 1774, Sugita Genpaku àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwé kan jáde tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Kaitai Shinsho. Ìwé nípa ẹ̀yà ara ènìyàn ni, láti inú èdè àwọn ará Họ́láǹdì ni wọ́n sì ti tú u. Nígbà tí wọ́n kan àwọn okùn tín-ín-rín tí ń gbé ìmọ̀lára lọ sí ọpọlọ, wọn kò rí ọ̀rọ̀ tí ó bá a mu. Wọ́n mú mọ́fíìmù kan tí ó jẹ mọ́ ẹ̀mí, wọ́n so ó mọ́ èkejì tí ó jẹ mọ́ ipa ọ̀nà nínú ara, wọ́n sì ṣẹ̀dá ‘shinkei’. Ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n ń lò títí di òní. Ó yẹ kí onímọ̀ Yorùbá kíyèsí i, nítorí pé ‘iṣan’ nìkan ni Yorùbá ń lò fún okùn ìmọ̀lára yìí, fún ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ àti fún ẹran-ara tí ń mú ọwọ́ àti ẹsẹ̀ gbéra.

Bákan náà ni Udagawa Yoan tẹ ìwé kẹ́mísírì rẹ̀, Seimi Kaiso, jáde ní apá-apá láàrin ọdún 1837 sí 1847. Òun ni ó ṣẹ̀dá ‘suiso’, èyí tí ó túmọ̀ sí ìpìlẹ̀ omi, fún háídírójìn, àti ‘sanso’, ìpìlẹ̀ ohun kíkan, fún ọ́síjìn. Ọ̀rọ̀ kejì yìí ní ẹ̀kọ́ nínú. Lavoisier, ará Faransé, ni ó fún ọ́síjìn ní orúkọ tí ó túmọ̀ sí ohun tí ń bí ásíìdì, nítorí ó gbà pé kò sí ásíìdì tí ọ́síjìn kò sí nínú rẹ̀. Àwọn ará Họ́láǹdì tú orúkọ náà sí èdè tiwọn. Udagawa tún tú ti Họ́láǹdì sí èdè Jàpáànù. Ṣùgbọ́n ní nǹkan bí ọdún 1810 ni Humphry Davy ti fi hàn pé Lavoisier ṣì í. Ásíìdì tí ó wà nínú ikùn ènìyàn gan-an, háídírójìn àti kílórínì ni ó para pọ̀ di í. Kò sí ọ́síjìn nínú rẹ̀ rárá. Àṣìṣe náà ti kú nínú ìmọ̀, ó sì wà láàyè nínú orúkọ. Ẹni tí ó bá tú orúkọ àjèjì ní ẹyọ-ẹyọ lè tú àṣìṣe tí ó wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú.

Ìmọ̀ èrò ìjìnlẹ̀ pàápàá kò ní orúkọ ní èdè Jàpáànù títí di ìgbà Nishi Amane, ẹni tí ó ti kẹ́kọ̀ọ́ ní ìlú Leiden. Nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1874 ni ọ̀rọ̀ náà ‘tetsugaku’ ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. ‘Tetsu’ jẹ mọ́ ọgbọ́n, ‘gaku’ sì jẹ́ ẹ̀kọ́. Ọ̀nà àkọ́kọ́ nìyí, ìyẹn ṣíṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ tuntun láti inú mọ́fíìmù àtijọ́.

3.0 Ìmọ̀ Èrò Ìjìnlẹ̀: Ọ̀rọ̀ Ojoojúmọ́ tí Ìtumọ̀ rẹ̀ Gbòòrò

Nishida Kitaro kọ́ni ní Yunifásítì Kyoto láti ọdún 1910 sí 1928. Ní ọdún 1926 ó kọ àròkọ kan tí ó pè ní ‘Basho’. Kò ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ tuntun fún èrò tí ó jinlẹ̀ jù lọ nínú iṣẹ́ rẹ̀. ‘Basho’ ni ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni ní Jàpáànù máa ń lò bí ó bá ń béèrè ibi tí nǹkan wà.

Ohun tí Nishida fi ọ̀rọ̀ yìí sọ ni pé ohunkóhun tí ó bá wà, inú ohun kan ni ó wà. Pupa àti dúdú yàtọ̀ síra, ṣùgbọ́n a kò bá tí mọ̀ pé wọ́n yàtọ̀ bí kò bá sí ohun kan tí àwọn méjèèjì jọ wà nínú rẹ̀, èyí tí í ṣe àwọ̀. Ìmọ̀ nípa àwọ̀ náà wà nínú ọkàn tí ó mọ̀ ọ́n. Bí ènìyàn bá ń bá a lọ báyìí, Nishida sọ pé yóò dé ibi kan tí kò sí nínú ohun mìíràn mọ́, tí òun fúnra rẹ̀ kì í sì í ṣe ohun kan pàtó.

Báwo ni Yorùbá yóò ṣe pe èyí? Bí a bá lo ‘ibi’ nìkan, ó fúyẹ́ jù, ó sì lè dàrú mọ́ ibi tí í ṣe òdì ire bí kò bá sí àmì ohùn. Bí a bá lo ‘ààyè’, ọkàn òǹkàwé yóò lọ sí àǹfààní. Ṣùgbọ́n èdè Yorùbá ní ọ̀wọ́ ọ̀rọ̀-orúkọ kan tí ó bá èrò Nishida mu wẹ́kú: ibùsùn, ibùgbé, ibùjókòó, ibùdó. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń sọ ibi tí a ti ń ṣe ohun tí ọ̀rọ̀-ìṣe inú rẹ̀ ń sọ. Bí a bá fi ọ̀rọ̀-ìṣe ‘wà’ sí ipò náà, a óò rí ‘ibùwà’, ibi tí ohun kan ti ń wà. Ọ̀rọ̀ tuntun ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbọ́ ọ fún ìgbà àkọ́kọ́ yóò mọ ibi tí ó ti wá.

Láti ọwọ́ Nishida ni ọ̀rọ̀ yìí gbà dé ilé iṣẹ́. Nonaka Ikujiro, tí ó kọ́ni ní Yunifásítì Hitotsubashi, tẹ ìwé kan jáde pẹ̀lú Takeuchi Hirotaka ní ọdún 1995 lórí bí ilé iṣẹ́ ṣe ń dá ìmọ̀ sílẹ̀. Ní ọdún 1998, òun àti Konno Noboru kọ àpilẹ̀kọ lórí ‘ba’, ọ̀rọ̀ kúkurú tí ó jẹ́ ìbátan ‘basho’. Èrò wọn ni pé ìmọ̀ kì í dá wà. Ó nílò ibi tí àwọn ènìyàn yóò ti jọ pín in, yálà yàrá ni o, yálà ìpàdé lórí ẹ̀rọ ni o, yálà èrò tí wọ́n jọ ní lọ́kàn.

Àpẹẹrẹ tí Nonaka lò tí ó lókìkí jù ni ti ẹ̀rọ ìṣe-búrẹ́dì tí ilé iṣẹ́ Matsushita ń gbìyànjú láti ṣe ní ọdún 1985. Ẹ̀rọ náà kò lè po ìyẹ̀fun dáadáa. Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ olórí aṣe-búrẹ́dì ilé ìtura kan ní Osaka, ó sì rí i pé bí ọkùnrin náà ṣe ń na ìyẹ̀fun pípò ni ó ń lọ́ ọ. Òun kò sọ ọ́ rí. Bóyá kò mọ̀ pé ohun tí òun ń ṣe nìyẹn. Ọwọ́ rẹ̀ ni ó mọ̀ ọ́n. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ wá fi ohun tí ó lè ṣe irú lílọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ẹ̀rọ wọn.

Ọmọ tí ó bá ti kọ́ iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ tàbí aṣọ híhun mọ irú ìmọ̀ yìí. ‘Ìmọ̀ àìfẹnusọ’ ni ó bá a mu, kí èyí tí a kọ sílẹ̀ sì máa jẹ́ ‘ìmọ̀ àfọ̀rọ̀hàn’. Fún ‘ba’ ti Nonaka, kò sí ìdí láti ṣẹ̀dá ohunkóhun, nítorí Yorùbá ti ní ‘ibùpàdé’. ‘Ibùpàdé ìmọ̀’ yóò ṣe iṣẹ́ náà láìsí wàhálà.

4.0 Ìdarí Níbi Iṣẹ́: Ìgbà tí Yíyá Ọ̀rọ̀ Sàn Jù

Misumi Jyuji ti Yunifásítì Kyushu lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí ìwádìí bí ọ̀gá ṣe ń darí òṣìṣẹ́. Ó ṣe é ní ibi ìwakùsà èédú, ní ibi ìkànkọ̀ ojú omi, ní báńkì àti ní ọ́fíìsì ìjọba. Ìwé tí ó kó iṣẹ́ náà jọ jáde ní èdè Jàpáànù ní ọdún 1978 àti ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1985. Èdè Jàpáànù kò ṣaláìní ọ̀rọ̀ tí ó jẹ mọ́ títọ́ni sọ́nà. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ àyálò, ‘ridashippu’, ni ó wà lójú ìwé náà. Àǹfààní ọ̀rọ̀ àyálò níbi báyìí ni pé kò gbé oyè tàbí ọjọ́ orí ẹnikẹ́ni wọlé.

Ìṣòro tí Yorùbá ní níbi yìí kò kéré. Ọ̀gá, olórí, aṣíwájú, alákòóso, alábòójútó: orúkọ ènìyàn ni gbogbo wọn. Ìwádìí Misumi kò dá lórí irú ẹni tí ọ̀gá jẹ́. Ó dá lórí ohun tí ó ń ṣe, àwọn tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n sì ń bi léèrè, kì í ṣe òun fúnra rẹ̀. Nítorí náà ‘ìdarí’, tí ó jẹ́ orúkọ ìṣe, ni ó yẹ.

Misumi pín ìdarí sí iṣẹ́ méjì. Ó fi lẹ́tà P dúró fún ohun gbogbo tí ọ̀gá ń ṣe kí iṣẹ́ lè parí bí ó ti yẹ: fífún ènìyàn ní àṣẹ, bíbéèrè ibi tí iṣẹ́ dé, ṣíṣe ètò àkókò. Ó fi M dúró fún ohun tí ń mú kí àwọn òṣìṣẹ́ wà ní ìṣọ̀kan: gbígbọ́ ẹjọ́ wọn, pípẹ̀tù sí aáwọ̀, bíbọ̀wọ̀ fún èrò wọn. Ọ̀gá tí ó bá ga ju ìwọ̀n àárín lọ nínú méjèèjì ni PM. Ẹni tí ó bá rẹlẹ̀ nínú méjèèjì ni pm. Àwọn tí ó kù ga nínú ọ̀kan, wọ́n sì rẹlẹ̀ nínú èkejì. Ní ọ̀pọ̀ ibi tí ó ti ṣe ìwádìí, PM ni ó máa ń ṣíwájú, pm sì ni ó máa ń kẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí M dúró fún náà ni wọ́n ń lò fún títún ọkọ̀ tàbí ẹ̀rọ ṣe kí ó má baà bàjẹ́. Ẹni tí ó bá tú u ní ẹyọ-ẹyọ yóò sọ pé ọ̀gá ń tún àwọn òṣìṣẹ́ ṣe. Ohun tí Misumi ní lọ́kàn ni mímú kí ẹgbẹ́ dúró. ‘Ìmẹ́gbẹ́ró’, láti inú ‘mú ẹgbẹ́ ró’, ni ó sún mọ́ ọn. Kí P sì jẹ́ ‘ìmúṣẹ́lọ’, láti inú ‘mú iṣẹ́ lọ’. Ó dára kí lẹ́tà P àti M fúnra wọn dúró gẹ́gẹ́ bí àmì, bí àwọn ará Jàpáànù ti fi wọ́n sílẹ̀, nítorí ìyàtọ̀ láàrin lẹ́tà ńlá àti kékeré ni ó ń gbé ìtumọ̀.

Nínú ẹ̀ka méjì tí a ti yẹ̀ wò yìí, orúkọ tí kò tọ́ lè fa àìgbọ́ra-ẹni-yé. Nínú ẹ̀ka kẹta, ó lè ṣekú pa ènìyàn.

5.0 Ìsọdògidì Oògùn

5.1 Mọ́, wẹ̀nùmọ́ àti ògidì

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo ni ó kó nǹkan mẹ́ta pọ̀ níbi yìí, èdè Jàpáànù sì yà wọ́n. ‘Seiketsu’ ni ti ìmọ́tótó ilé àti ara. ‘Joka’ ni ti ìwẹ̀nùmọ́, tí wọ́n ń lò fún omi tí a wẹ̀ mọ́ àti fún ọkàn tí a wẹ̀ mọ́. ‘Seisei’ ni ti oògùn, epo rọ̀bì àti ṣúgà. Àmì ìkọ̀wé tí ó bẹ̀rẹ̀ ‘seisei’ ní àwòrán ìrẹsì nínú. Ìrẹsì tí a gún tí a sì ṣà ni ó ń tọ́ka sí ní ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tí ó kọ́kọ́ lo ọ̀rọ̀ náà mọ̀ pé kì í ṣe omi ni wọ́n ń fi yọ èèpo kúrò lára ìrẹsì.

Yorùbá náà ní ìyàtọ̀ mẹ́ta yìí. Aṣọ a máa mọ́, ilé a máa mọ́. Ìwẹ̀nùmọ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ ilé ìjọsìn. Nígbà tí ènìyàn bá sì fẹ́ ra oyin tí wọn kò po ṣúgà mọ́, ògidì oyin ni yóò béèrè. Bí ó ti wù kí ó rí, nínú ọ̀pọ̀ ìwé àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ‘ìfọ̀mọ́’ àti ‘ìwẹ̀nùmọ́’ ni ó máa ń jáde fún ti oògùn. Àbá àpilẹ̀kọ yìí ni ‘ìsọdògidì’, láti inú ‘sọ di ògidì’.

Ìtumọ̀ ògidì nínú sáyẹ́ǹsì gbọ́dọ̀ le ju ti ọjà lọ. Lójú ọjà, ògidì ni ohun tí ẹnikẹ́ni kò fi nǹkan kún. Lójú kẹ́mísírì, oyin tí ó ti inú afárá bọ́ tààrà kì í ṣe ògidì, nítorí omi àti oríṣiríṣi ṣúgà ni ó wà nínú rẹ̀. Ògidì ni èyí tí ó jẹ́ èròjà kan ṣoṣo dé ìwọ̀n tí a kà. Nípa báyìí, ‘ìwọ̀n ògidì’ di ohun tí a lè sọ ní iye: 98 nínú 100, tàbí 99.5 nínú 100.

5.2 Ohun tí asẹ́ lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe

Ẹni tí ó bá ti ṣe ògì rí ti ṣe ìyàsọ́tọ̀. Ó rẹ àgbàdo, ó lọ̀ ọ́, ó fi asẹ́ sẹ́ ẹ kí èérí lè dúró, ó fi í sílẹ̀ kí ó tòrò, ó sì da omidùn kúrò lórí rẹ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe ‘sẹ́’ yìí ni ó yẹ kí kẹ́mísírì lò. Ṣùgbọ́n ‘ìsẹ́’ lè dàrú mọ́ ti ẹni tí ó sẹ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. ‘Ìfasẹ́sẹ́’ ni yóò mú un yàtọ̀.

Bí ìwọ̀n hóró ṣe tóbi sí ni asẹ́ fi ń ya nǹkan. Iyọ̀ tí ó ti yọ́ sínú omi yóò bá omi kọjá, bí asẹ́ náà ti wù kí ó kúnná tó. Omi iyọ̀ a máa mọ́ gaara, síbẹ̀ kì í ṣe ògidì omi. Ìyàtọ̀ mìíràn ni onímọ̀ gbọ́dọ̀ wá. Bí ìwọ̀n ooru tí ohun méjì fi ń hó bá yàtọ̀, yóò sè é, yóò sì gba èyí tí ó kọ́kọ́ di oruku, bí àwọn tí ń pọn ògógóró ti ń ṣe. Bí ọ̀kan bá ń di hóró nígbà tí omi rẹ̀ bá tutù, tí èkejì kò sì dì, yóò lo ‘ìdihóró’. Bí ọ̀kan bá sì ń lẹ̀ mọ́ nǹkan ju èkejì lọ, yóò lo kiromatógíráfì. Ẹni tí ó bá kán yíǹkì sórí pépà, tí ó sì ti etí pépà náà bọ omi, yóò rí i bí àwọ̀ kan ṣe ń sáré ju èkejì lọ bí omi ti ń gòkè.

Mikhail Tsvet, ará Rọ́ṣíà, ni ó fún ọ̀nà yìí ní orúkọ ní ọdún 1906, láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì fún àwọ̀, nítorí àwọ̀ inú ewé ni ó ń yà. Púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń fi í yà lónìí kò ní àwọ̀ kankan. Bí Yorùbá bá tú orúkọ yìí, yóò tún àṣìṣe ‘sanso’ ṣe. Àwọn ará Jàpáànù yá a bẹ́ẹ̀, ó sì yẹ kí Yorùbá yá a bẹ́ẹ̀.

5.3 Hóró tí ó mọ́ tí kò sì jẹ́ ògidì

Takamine Jokichi, tí ó kẹ́kọ̀ọ́ jáde ní ọdún 1879 ní ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ tí ó padà di apá kan Yunifásítì Tokyo, ṣí ilé ìwádìí kan ní New York. Níbẹ̀, ní ọdún 1900, òun àti Uenaka Keizo mú èròjà kan jáde ní hóró-hóró láti inú ẹ̀yà ara kékeré tí ó jókòó lórí kíndìnrín ẹran. Wọ́n pè é ní adrénálínì. John Jacob Abel ti Yunifásítì Johns Hopkins ti wà lẹ́nu iṣẹ́ kan náà ṣáájú wọn, ó sì ti fún un ní orúkọ mìíràn, ṣùgbọ́n ohun tí ó wà lọ́wọ́ Abel ṣì so mọ́ èròjà tí òun fúnra rẹ̀ fi yà á. Títí di òní, orúkọ méjì ni oògùn yìí ń jẹ́.

Iṣẹ́ Takamine ni ó ṣí ọ̀nà fún títa adrénálínì gẹ́gẹ́ bí oògùn tí ń gba ẹ̀mí là. Síbẹ̀, ìwádìí tí ó jáde ní ọdún 1949 fi hàn pé adrénálínì tí wọ́n ń yọ lára ẹran ní ìbátan rẹ̀, noradrénálínì, nínú. Kò sí ìdọ̀tí nínú hóró náà. Kò sí ẹni tí ó bu nǹkan là á. Ara ẹran ni ó ṣe àwọn méjèèjì pọ̀.

Èyí fi hàn pé ohun tí kò yẹ kí ó wà nínú oògùn pín sí mẹ́ta. ‘Ìdọ̀tí’ ni èyí tí ó ti ìta wọlé láìmọ̀. ‘Àbùlà’ ni èyí tí ẹnì kan fi kún un. Ẹ̀kẹta ni èyí tí ó ti ibi ìṣẹ̀dá bá oògùn wá. ‘Àjọwà’ ni àbá tí ó wà fún un. Fífọ̀ lè mú ìdọ̀tí kúrò. Kò lè mú àjọwà kúrò.

5.4 Oògùn etí odò

Omura Satoshi ti Ilé Ìwádìí Kitasato ní Tokyo máa ń kó yẹ̀pẹ̀ kiri láti wá bakitéríà tí ń pèsè oògùn. Nínú yẹ̀pẹ̀ tí ó wá láti Kawana, ní etíkun ìlú Ito, ni wọ́n ti rí bakitéríà tí ó wà lára àwọn tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ Merck ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1974. William Campbell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé ohun tí ó ń pèsè ń pa aràn. Omura àti Campbell gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2015.

Bakitéríà náà kì í pèsè èròjà kan. Mẹ́jọ tí ó jọra ni ó ń pèsè. Ifamẹ́kítìnì, oògùn tí wọ́n ṣe láti inú wọn, kì í ṣe ẹyọ èròjà kan náà. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ròyìn rẹ̀, ó kéré tán 80 nínú 100 rẹ̀ jẹ́ B1a, èyí tí ó kù sì jẹ́ B1b, ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì kò sì ju ègé kékeré kan lọ. Òfin oògùn gbà á bẹ́ẹ̀, nítorí pé iye ọ̀kọ̀ọ̀kan di mímọ̀. Ìdí nìyí tí ‘ìwọ̀n ògidì’ fi ṣe pàtàkì ju ‘ògidì’ lásán lọ. Láti ọdún 1987 ni Merck ti ṣèlérí láti máa fi oògùn yìí tọrẹ fún àwọn tí àrùn ìfọ́jú etí odò ń bá jà, ó sì dé ọ̀pọ̀ ìletò ní ilẹ̀ Yorùbá.

5.5 Bàtà ọ̀tún àti bàtà òsì

Àjọwà kan wà tí ó nira láti yà ju gbogbo wọn lọ. Èròjà méjì lè ní ohun kan náà nínú, ní iye kan náà, kí ìwọ̀n ooru tí wọ́n fi ń hó sì bá ara mu, síbẹ̀ kí ọ̀kan jẹ́ àwòrán èkejì nínú dígí, bí bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún àti ti òsì. Ara ènìyàn mọ ìyàtọ̀ wọn. Oògùn ofulosásìnì tí ilé iṣẹ́ Daiichi ṣe jẹ́ àpapọ̀ méjèèjì. Lẹ́yìn tí wọ́n yà wọ́n, wọ́n rí i pé ọ̀kan ni ó ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Ọ̀kan yìí, lefofulosásìnì, wọ ọjà Jàpáànù ní ọdún 1993. Bí ìwọ̀n oògùn méjèèjì bá dọ́gba, agbára rẹ̀ tó bí ìlọ́po méjì ti àpapọ̀.

Okamoto Yoshio, tí ó ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Osaka àti ti Nagoya, wá ọ̀nà tí ó rọrùn láti ya irú ìbejì báyìí. Ó lo sẹ́lúlósì, tí ó wà nínú òwú, àti àmílósì, tí ó wà nínú ògì àti èlùbọ́. Àwọn wọ̀nyí pẹ̀lú ní ọwọ́ kan ṣoṣo, wọn kì í ní méjèèjì. Bí ọwọ́ ọ̀tún ti ń bọ ọwọ́ ọ̀tún mìíràn pẹ̀lú ìrọ̀rùn ju òsì lọ, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀kan nínú ìbejì náà ń lẹ̀ mọ́ wọn ju èkejì lọ. Okamoto gba ẹ̀bùn Jàpáànù ní ọdún 2019. Fún àwọn ìbejì èròjà yìí, ‘ẹ̀dà ọ̀tún’ àti ‘ẹ̀dà òsì’ ti tó. Kò sí olùkọ́ tí ó lè sọ pé wọ́n ‘fọ’ ẹ̀dà òsì kúrò lára ẹ̀dà ọ̀tún kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ yé akẹ́kọ̀ọ́.

5.6 Ohun tí ó ń náni

Ní ọdún 1990, ọ̀pọ̀ ọmọdé kú ní Ìbàdàn àti ní Jos lẹ́yìn tí wọ́n mu oògùn ibà olómi. Láàrin ọdún 2008 sí 2009, oògùn tí wọ́n ń fún ọmọ tí ń yọ eyín tún pa ọmọ 84 ní Nàìjíríà. Ohun kan náà ni ó wà nídìí ìṣẹ̀lẹ̀ méjèèjì: diẹtilíìnì gíláíkọ́ọ̀lù, tí ó wọ inú oògùn dípò èròjà mìíràn tí ó yẹ kí wọ́n fi pò ó. Májèlé yìí kò ní àwọ̀. Ó dùn lẹ́nu. Ó mọ́ gaara bí omi òjò.

Ìyá tí ó gbé ìgò oògùn sókè sí ìmọ́lẹ̀ láti wò ó bóyá ó mọ́, ó ṣe ohun tí ọ̀rọ̀ ‘mọ́’ kọ́ ọ láti ṣe, ojú rẹ̀ kò sì lè tàn án ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí ọ̀rọ̀ tí ó lè ṣe iṣẹ́ ìdánwò kẹ́míkà, àwọn tí ń ṣe oògùn ni ó sì jẹ gbèsè ìdánwò náà. Ṣùgbọ́n níbi tí èdè bá ti ya mímọ́ kúrò lára ògidì, ìyá náà àti nọ́ọ̀sì tí ń bá a sọ̀rọ̀ yóò lè béèrè ìbéèrè tí ó tọ́: ta ni ó dán an wò, kí sì ni ìwọ̀n ògidì rẹ̀?

6.0 Àwọn Ọ̀rọ̀-Ìperí tí a Dábàá

Ibùwà: ibi tàbí ohun tí nǹkan wà nínú rẹ̀ kí ó tó lè jẹ́ ohun tí ó jẹ́.
Ibùpàdé ìmọ̀: ibi tí àwọn ènìyàn ti ń jọ pín ìmọ̀ tí wọ́n sì ń dá a sílẹ̀.
Ìmọ̀ àìfẹnusọ, ìmọ̀ àfọ̀rọ̀hàn: èyí tí ọwọ́ mọ̀, èyí tí a lè kọ sílẹ̀.
Ìmúṣẹ́lọ (P), ìmẹ́gbẹ́ró (M): apá méjèèjì ìdarí níbi iṣẹ́.
Ògidì, ìwọ̀n ògidì, ìsọdògidì: jíjẹ́ èròjà kan ṣoṣo, bí ó ṣe tó bẹ́ẹ̀ ní iye, mímú un dé ibẹ̀.
Ìdọ̀tí, àbùlà, àjọwà: oríṣi mẹ́ta ohun tí kò yẹ kí ó wà nínú oògùn.
Ìfasẹ́sẹ́, ìdihóró, kiromatógíráfì: ọ̀nà ìyàsọ́tọ̀ nípa ìwọ̀n hóró, nípa dídi hóró, nípa lílẹ̀ mọ́ nǹkan.
Ẹ̀dà ọ̀tún, ẹ̀dà òsì: èròjà méjì tí ọ̀kan jẹ́ àwòrán èkejì nínú dígí.

7.0 Àgbálọgbábọ̀

Ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí a mẹ́nu bà ní ìbẹ̀rẹ̀ ni àwọn ará Jàpáànù lò, wọn kò sì sọ ọ̀kan di òfin. ‘Tetsugaku’ jẹ́ ọ̀rọ̀ tuntun, ‘basho’ jẹ́ ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, ‘ridashippu’ sì jẹ́ àyálò. Níbi tí wọ́n ti wo iṣẹ́ tí ohun náà ń ṣe, bí ti ‘seisei’, orúkọ náà ṣì ń la ojú akẹ́kọ̀ọ́. Níbi tí wọ́n ti tú orúkọ ẹlòmíràn láìwo ilé, bí ti ‘sanso’, àṣìṣe àtijọ́ ń bá wọn gbé.

Iṣẹ́ tí ó kù fún àwọn tí ń ṣe ọ̀rọ̀-ìperí Yorùbá ni láti gbé irú àbá báyìí lọ sí iwájú àwọn tí yóò lò ó: olùkọ́ kẹ́mísírì, apòògùn, nọ́ọ̀sì, àti àwọn tí ń ka ìròyìn lórí rédíò. Ọ̀rọ̀ tí ẹnu wọn bá kọ̀, kí a pààrọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin mímọ́ àti ògidì ti wà lẹ́nu àwọn tí ń ra oyin kí kẹ́mísírì tó dé. Kò yẹ kí ó sọnù nígbà tí oògùn bá di ọ̀rọ̀ tí a ń sọ.